Ẹ Mú Ọmọ Lọ Wo Ilé-Ẹ̀kọ́ Kí Ẹ Tó Yàn Án Fún Un

Mo kí ẹ̀yin ará Òṣogbo, ọmọ Òrokí Asàlà, ọmọ ìlú aró, ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ dárà sí aṣọ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé ń béèrè ọ̀nà ilé yín. Mo kí ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Ọbòkun, ọmọ òṣómàáló, ẹ̀yin tí àwọn baba yín gbé aṣọ lérí gba òkè gba odò, títí tí ìlú onílùú fi di ìlú tí wọ́n ń kọ́lé sí. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tí ẹ sì wà nítòsí, ẹ pa ìwé dé ná, nítorí ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ni a fẹ́ sọ ní alẹ́ òní.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ ẹ̀yin òbí. Kí ẹ tó yan yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ yín, ẹ mú ọmọ náà, ẹ jọ wọ mọ́tò, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ fi ojú ara yín rí ibi tí yóò ti lo ọdún mẹ́rin, márùn-ún, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá sì dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo tún un sọ kí ó lè yé wa: ẹ mú ọmọ lọ wò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín fún, èyí èkejì sì le púpọ̀ ju èkíní lọ.

Báwo ni a ti ń ṣe é lónìí? Nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ fún JAMB, ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì, bá dé, bàbá á ka owó fún ọmọ, ọmọ á lọ tò sórí ìlà ní ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí ó bá kàn án, ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà á bi í pé, “Yunifásítì wo?” Ọmọ á dárúkọ èyí tí bàbá pa láṣẹ, tàbí èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, tàbí èyí tí orúkọ rẹ̀ kàn ń dùn ún létí. Onítọ̀hún á tẹ̀ ẹ́, á ní kí ẹni tí ó kàn máa bọ̀. Ó parí nìyẹn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, a ti yan ibi tí ọmọ yóò ti di géńdé, ó sì lè jẹ́ pé nínú gbogbo agboolé náà, kò sí ẹnìkan tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn rí. Bí ọkàn bá sì yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a óò tún san owó mìíràn kí wọ́n tó bá wa tún un ṣe.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Obìnrin tí ó fẹ́ ra àdìrẹ kan péré lọ́wọ́ aláró ní Òṣogbo, ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu aláró nìkan ni yóò gbà gbọ́? Á na aṣọ náà sílẹ̀, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, á fi àtàǹpàkò ra á bóyá aró rẹ̀ yóò yọ́, á sì gbé e jáde sínú oòrùn kí ó tó tú owó létí aṣọ. Aṣọ ni a sọ yìí o, èyí tí yóò gbó lọ́la.

Ẹlòmíràn lè dá mi lóhùn pé, “Ṣebí àwọn baba wa kò wo ilé-ẹ̀kọ́ kankan kí wọ́n tó rán ọmọ lọ, àwọn ọmọ náà kò sì ṣàì di ènìyàn.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni kò jẹ́ kí wọ́n lọ wò ó? Ọ̀nà ni kò sí. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay sílẹ̀ ní Freetown ní ọdún 1827, tí Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣòògùn, sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ojú omi ni ará ilẹ̀ Yorùbá ń gbà dé ọ̀hún. Fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ oyè yunifásítì nínú wa ní láti ré òkun kọjá, yálà sí Freetown tàbí sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yaba ṣí ní ọdún 1934, ṣùgbọ́n kò ní àṣẹ láti fi oyè yunifásítì tirẹ̀ jíǹkí ẹnikẹ́ni. Ọdún 1948 ni a tó dá ti Ìbàdàn sílẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ni oyè rẹ̀ sì ti ń wá títí di ọdún 1962. Bàbá tí ó ń dáko kòkó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbà náà, tí ó ti ta kòkó ọdún kan tán nítorí ọmọ kan ṣoṣo, níbo ni yóò ti rí owó ọkọ̀ tí yóò fi lọ wo Freetown wá? Á di ẹrù ọmọ, á súre fún un, á sì fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí? Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá dúró ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ó yí i ká. Yunifásítì Fountain wà nínú Òṣogbo níhìn-ín. Bí ẹ bá kọjá sí Ẹdẹ, ẹ ó bá Yunifásítì Adeleke, Redeemer’s àti Pọ́lì ìjọba àpapọ̀. Ní apá Ìjẹ̀ṣà, Yunifásítì Joseph Ayo Babalola wà ní Ìkèjì-Arákeji, Iléṣà fúnra rẹ̀ sì ti ní yunifásítì tirẹ̀ báyìí, láti ìgbà tí wọ́n ti fi òfin sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ di yunifásítì ní ọdún 2022. Èyí tí ó jìnnà jù nínú wọn, a lè lọ kí a sì bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí yunifásítì ìpínlẹ̀ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun àwọn òbí jù. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ lè rí ààyè wọ yunifásítì tí ó fi Òṣogbo ṣe olú, kí ó má sì sun Òṣogbo mọ́jú lọ́jọ́ kan? UNIOSUN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2006, kì í ṣe ọgbà kan ṣoṣo. Ọgbà mẹ́fà ni, káàkiri ìpínlẹ̀ yìí ni wọ́n sì fọ́n wọn sí. Ní Òṣogbo ni wọ́n ti ń kọ́ nípa ìlera, sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò di lọ́yà, Ìfẹ́tẹ̀dó ni ó ń lọ, lójú ọ̀nà Oǹdó lọ́hùn-ún. Ẹni tí yóò kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lọ sí Ẹjìgbò; ẹni tí yóò kọ́ nípa okòwò àti ìṣírò owó ń lọ sí Òkukù; ẹni tí ó fẹ́ràn èdè àti ìtàn ń lọ sí Ìkirè; ẹni tí yóò di olùkọ́ sì ń lọ sí Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìyá kan tí ó ti ṣètò sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Òṣogbo ni ọmọ yóò máa gbé, kí òun má bàa san owó ilé. Ó ti bá àbúrò sọ̀rọ̀, àbúrò ti tún yàrá ṣe. Ọmọ rí ààyè láti kọ́ ìmọ̀ òfin, inú gbogbo ilé dùn, wọ́n pa adìyẹ. Ìgbà tí ọmọ fẹ́ lọ wọlé ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé Ìfẹ́tẹ̀dó ni. Ta ni a óò dá lẹ́bi? Yunifásítì kò fi í pamọ́. Ó wà nínú ìwé wọn, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìyá ni kò béèrè, abéèrè-ọ̀nà kì í sì í ṣìnà. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ní kí ẹ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́, ọgbà tí ọmọ yóò ti kàwé gan-an ni mo wí, kì í ṣe ibi tí ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì sí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, “Níbo ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ tí ọmọ yìí fẹ́ kọ́?” kí ẹ tó béèrè iye owó mọ́tò.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan ní Iléṣà, pẹ̀lú ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó wà ní SS 2, tí àwọn méjèèjì ń gbèrò Ilé-Ifẹ̀. Ọjọ́ wo ni kí wọ́n lọ? Kí wọ́n má lọ ní Sátidé, kí wọ́n má sì lọ nígbà ọlidé, nítorí ọgbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀, ilé àti igi lásán ni ènìyàn yóò rí. Kí wọ́n lọ ní ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi agbádá ńlá yẹn sílẹ̀ nílé. Kì í ṣe ìwúyè ni a ń lọ.

Bí wọ́n bá ti dé ẹnu géètì Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹ̀kọ́ kìíní ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà tí ó ti géètì wọ inú ọgbà jìn, kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ẹrù ìwé lórí lójoojúmọ́. Kí bàbá ṣírò rẹ̀: bí ọmọ yìí bá ń gbé inú ìlú, èló ni yóò máa fi wọ ọkọ̀ lóòjọ́? Ọdún 1962 ni yunifásítì yìí gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, ní Ìbàdàn ni wọ́n sì kọ́kọ́ wà kí wọ́n tó kó wá sí Ifẹ̀ ní ọdún 1967. Ará Ísírẹ́lì kan, Arieh Sharon, ni ó darí àwọn tí ó ya àwòrán ilé wọn, ó sì kọ́ ọ kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kí òrùlé sì yọ síta láti ṣíji bo ògiri. Ilé-ìkàwé ńlá tí ó wà láàárín ọgbà ń jẹ́ orúkọ Hezekiah Oluwasanmi, tí ó ṣe olórí yunifásítì náà láti ọdún 1966 títí di 1975. Ọmọ Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni. Bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà bá dúró níwájú ilé yẹn, kí bàbá rẹ̀ má gbàgbé láti sọ fún un pé ará ilé wọn ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. A kò rí ibi tí òwe yìí ti bá ọ̀rọ̀ mu tó èyí. Ohun tí bàbá yóò rí, ọmọ kò ní í rí i: bàbá á wo ilé ìwòsàn, á wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, á béèrè omi, á béèrè ẹ̀ṣọ́ òru, á béèrè bóyá ọmọ ọdún kìíní ń rí bẹ́ẹ̀dì nínú Moremi tàbí ní hóstẹ́ẹ̀lì mìíràn, tàbí ìta ni yóò ti lọ gba yàrá. Ohun tí ọmọ yóò sì rí, ojú bàbá kò tó o: bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń rìn, ohun tí wọ́n ń kà, bí wọ́n ti pọ̀ tó nínú kíláàsì kan, bóyá ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn ń gbọ́ ohùn olùkọ́ rárá, àti bóyá ọkàn òun lè balẹ̀ níbẹ̀.

Ta wá ni kí wọ́n bi? Kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí géètì, kì í sì í ṣe ọ̀gá nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí ó wà ní ọdún kejì ni kí wọ́n wá, nítorí ojú rẹ̀ ti là, kò sì tí ì gbàgbé bí ó ti wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ kú ọ̀sán, sà.” Kí bàbá dáhùn pé, “O ṣeun, ọmọ mi, o ò ní fi ìyà kàwé o. Àbúrò rẹ nìyí, ó fẹ́ wá bá yín níbí. Ẹ jọ máa sọ̀rọ̀ ná, mo fẹ́ lọ wá omi mu.” Lẹ́yìn náà, kí bàbá lọ mu omi lóòótọ́! Ohun tí ọmọbìnrin méjì yóò sọ fún ara wọn bí bàbá bá ti kúrò níbẹ̀ níye lórí ju ohun tí bàbá lè rí nínú ìwé èyíkéyìí lọ.

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé ohun kejì, pé kí a jẹ́ kí ọmọ sọ̀rọ̀, le ju èkíní lọ. Kí ló dé? Nítorí pé ẹnu wa ló yá jù, àwa òbí. A ó dé ọ́fíìsì, olùkọ́ onísùúrù kan á kọjú sí ọmọ, á ní, “Kí ni ìwọ fẹ́ kọ́?” Kí ọmọ tó mí, bàbá ti dáhùn: “Dókítà ni, sà. Láti kékeré ni ó ti ń wù ú.” Ọmọ á bojú wolẹ̀. Bí olùkọ́ bá tún bi í pé, “Sáyẹ́ǹsì ha yé ọ dáadáa?” ìyá á ní, “Ó yé e, sà, ó kàn máa ń tijú ni.” Ọ̀dọ́ tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, tí òfin gbà pé ó tó wọ yunifásítì, kò tíì sọ gbólóhùn kan! Ta ni yóò jókòó ṣe ìdánwò? Ta ni yóò máa jí ní òru kàwé?

Ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí tí a kọ́ àwọn ọmọ wa náà dá kún un. A ti kọ́ ọmọ pé kí ó má jiyàn pẹ̀lú àgbà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ti wọ mọ́tò tí ẹ ń bọ̀ nílé, tí ẹ sì bi í pé, “Ṣé o rí i pé ibẹ̀ dára?” ìdáhùn kan ṣoṣo ni ẹ ti fi sí i lẹ́nu. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ni yóò wí. Ẹ má bi í bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í pé, “Kí lo rí?” kí ẹ sì dákẹ́. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dáhùn, ẹ ní sùúrù. Ó lè sọ pé kíláàsì wọn ti pọ̀ jù fún òun, ó lè sọ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó wu òun ju iṣẹ́ dókítà lọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dùn yín, ẹ gbé e mì ní ọjọ́ náà, ẹ sì padà sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì.

Inú mọ́tò yẹn kan náà ni ó yẹ kí a ti sọ ọ̀rọ̀ owó. Ọmọ tí ó ti rí ọ̀nà, tí ó sì ti rí yàrá, òun ni yóò mọ ohun tí bàbá ń wí bí bàbá bá ní, “Ọmọ mi, iye tí agbára mi ká nìyí.” Kí ẹ sì rántí ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, èyí tí NELFUND ń bójú tó, tí kò ní èlé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń san owó iléèwé náà fún. Ẹ béèrè bóyá ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń wò wà lára àwọn tí ọmọ lè fi í wọ̀.

Ẹ béèrè nípa onílé pẹ̀lú. Ta ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà, ta ni ó ń sanwó àwọn olùkọ́ rẹ̀? Àwa ará Òṣogbo kò lè sọ pé a kò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n jọ ni LAUTECH, yunifásítì tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́lẹ̀. Àríyànjiyàn lórí owó mú kí wọ́n ti yunifásítì náà pa fún ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó wá pín in ní ọdún 2020, tí Ọ̀yọ́ mú yunifásítì, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera tí ó wà ní Òṣogbo sì bọ́ sọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Àwọn ti ìjọba àpapọ̀ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìyanṣẹ́lódì: ní ọdún 2022, oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé. N kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní tirẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì rí i dájú pé NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì, fi àṣẹ sí iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ níbẹ̀, nítorí yunifásítì lè ní àṣẹ kí iṣẹ́ kan nínú rẹ̀ má tíì ní.

Ǹjẹ́ èyí tí ó wà nítòsí kò dára ni? Àwọn ọmọ Iléṣà mìíràn máa ń yínmú bí a bá dárúkọ Yunifásítì Iléṣà, nítorí pé ẹ̀yìn ilé wọn ni. Ìrònú ọmọdé ni. Ẹ mú wọn lọ wo ọ̀hún náà, kí wọ́n fi ojú kan náà wò ó tí wọ́n fi wo Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn. Owó yàrá tí ẹ kò san lè ra ìwé, lè ra kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ bá wò ó tán tí ó sì wí pé òun ṣì fẹ́ ibi tí ó jìn, tí ó sì sọ ìdí tí ó fi wí bẹ́ẹ̀, a ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.

Àwọn kan ń dá mi lóhùn báyìí pé ọjọ́ ìdánwò post-UTME, èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB láti ọdún 2005, ni ọmọ yóò rí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ti pẹ́ jù. Orúkọ ti wà nínú ìwé JAMB nígbà yẹn, àyà ọmọ ń já, ojú rẹ̀ kò lè rí nǹkankan, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò sì pe ẹnikẹ́ni wá mọ́ rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí owó mọ́tò ènìyàn méjì le fún, mo mọ̀ pé ẹ wà, ẹ sì pọ̀. Nítorí tiyín ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé girama ní Òṣogbo, ní Iléṣà àti ní gbogbo ìlú Ìjẹ̀ṣà, pẹ̀lú ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́: ẹ dá owó jọ, ẹ háyà bọ́ọ̀sì kan, kí ẹ kó àwọn ọmọ SS 2 yín lọ sí ọgbà yunifásítì kan ó kéré tán ní ọjọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú òbí díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ìwé JAMB tó jáde. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣáájú, kí wọ́n lè fún yín ní ẹni tí yóò mú yín káàkiri. Ẹ má dúró di ìgbà tí àwọn ọmọ bá bọ́ sí SS 3. Sáà tí a wà nínú rẹ̀ yìí ni kí ẹ ṣe é.